Igi Gogoro Má Gùn Mí Lójú: Bí A Ṣe Ń Yẹ Igi Ẹ̀gbẹ́ Ilé Wò Kí Ìjì Ìgbà Òtútù Tó Dé

Ọ̀rọ̀ igi la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, níbi tí èmi náà wà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igi àti igbó ní yunifásítì. Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹta ni ìjì máa ń jà lemọ́lemọ́ níbí. Ó pọ̀ débi pé láti ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ti ń sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ: Desmond, Ciara, Arwen, Eunice, Darragh.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé níbí ti pọ̀ gan-an báyìí. Àwọn kan ti ra ilé, àwọn kan ń háyà. Ilé á ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yìnkùlé á ní igi, igi ọ̀hún sì lè ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí onílé tó dé. Tí atẹ́gùn bá wá ń hó lóru, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lọ́kàn ẹni: ṣé igi yìí ò ní wó lé wa lórí báyìí?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ọ̀rọ̀ òní kò ju ẹyọ kan lọ. Igi tó ń dẹ́rù bà yín lè má ṣe nǹkan kan, kó sì jẹ́ pé èyí tó dúró dáadáa tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ló léwu. Ìdí ni pé òkè la máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Kí ni atẹ́gùn ń fi igi ṣe gan-an?

Agbára tí atẹ́gùn fi ń ti nǹkan máa ń yára pọ̀ ju eré rẹ̀ lọ. Tí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Lóòótọ́, ẹ̀ka máa ń tẹ̀, ewé náà á ká jọ, ìyẹn sì máa ń dín in kù díẹ̀ fún igi. Síbẹ̀, igi tó dúró digbí nínú atẹ́gùn 40 máìlì láàárín wákàtí kan lè má lè dúró nínú ti 80. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 2022, ìjì Eunice fẹ́ dé 122 máìlì láàárín wákàtí kan ní Needles, ní erékùṣù Wight. Kò tíì sí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.

Ẹ tún wo gíga igi. Orí, níbi tí ẹ̀ka pọ̀ sí, ni atẹ́gùn ti ń tì í. Ìdí ló sì ti ń di ara rẹ̀ mú. Ó dà bí ẹni tó fi òpá gígùn yí òkúta: bí òpá bá ṣe gùn tó ni agbára ìsàlẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, ìdí igi ló ń jẹ ìyà jù lọ nínú ìjì. Ọ̀nà méjì ni igi ńlá sì máa ń gbà ṣubú. Ó lè hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì lè ṣẹ́ níbi tí kò ti lágbára mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí igi ṣe ga sókè tó ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe jìn sísàlẹ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi ńlá kì í jìn ju mítà kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń ràn lọ, wọ́n sì lè ràn kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Ẹ fojú inú wo agboòrùn tó ṣí sílẹ̀ tí wọ́n kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọpọ́n pẹrẹsẹ. Bí igi ṣe rí nìyẹn. Bí ọpọ́n yẹn bá fẹ̀, tó sì wúwo, agboòrùn á dúró. Bí ẹ bá gé ọpọ́n náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tó bá jẹrà, ẹ mọ ohun tó kù.

Omi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fa ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé lẹ́yìn òjò ló máa ń rọrùn láti fà tu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè fà á títí kí igi rẹ̀ ṣẹ́ sí yín lọ́wọ́. Bákan náà ni igi ńlá: ilẹ̀ tó ti mumi yó kì í di gbòǹgbò mú dáadáa. Òjò ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló sì sábà máa ń ṣáájú ìjì ìgbà òtútù ní Ìlú Ọba.

Ewé, omi, àti ibi tí atẹ́gùn ti wá

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣebí ewé ti wọ́wé tán nígbà òtútù, kí ni atẹ́gùn tún fẹ́ rí mú? Ìbéèrè gidi ni. Igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́ tán máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tó mú kí ìjì ńlá ti ọdún 1987 burú tó bẹ́ẹ̀ ni pé àárín oṣù kẹwàá ló jà, tí ewé ṣì wà lórí igi, tí ilẹ̀ sì ti rin gbindin. Láàárín òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún igi ló wó, èèyàn méjìdínlógún sì kú ní Ìlú Ọba. Nítorí náà, ìjì tó bá tètè dé lóṣù kẹwàá ni ká bẹ̀rù jù fún igi eléwé. Ní ti páìnì àti àwọn igi mìíràn tí ewé wọn kì í wọ́, ọdọọdún ni wọ́n ń ru ẹrù atẹ́gùn wọ ìgbà òtútù, tí yìnyín á tún wá jókòó lé e. Igi tí ivy bá sì ti gùn délẹ̀ dókè, ó ti wọ ẹ̀wù nìyẹn. Ẹ̀wù ọ̀hún ń gba atẹ́gùn mú, ó sì tún ń bo àléébù mọ́lẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé igi máa ń kọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Ibi tí atẹ́gùn bá ti sábà ń wá ló máa ń fi gbòǹgbò àti ara lílágbára dè. Ní Ìlú Ọba, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn líle sábà máa ń wá. Ṣùgbọ́n ìjì Arwen, ní ọjọ́ 26 sí 27, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, gba àríwá ìlà oòrùn wọlé. Ibi tí àwọn igi ò múra sílẹ̀ dè ló ti lù wọ́n. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi ló wó, iná mọ̀nàmọ́ná lọ nílé tó lé ní mílíọ̀nù kan. Èèyàn mẹ́ta kú, igi tó wó ló sì pa gbogbo wọn.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹ̀yìnkùlé yín. Bí aládùúgbò bá gé igi tàbí wó ilé tó ti ń gba atẹ́gùn dúró fún igi yín láti ogún ọdún wá, igi yín ti bọ́ sójú atẹ́gùn tí kò mọ̀ rí. Ẹ máa fojú sí i lára fún ọdún bíi mélòó kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò

Àsìkò tó dáa jù ni oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nítorí pé ìgbà yẹn ni olú máa ń hù, ewé sì ṣì wà lórí igi. Ẹ tún un wò lẹ́yìn tí ewé bá wọ́ tán, kí ẹ lè rí ẹ̀ka, àti lẹ́yìn ìjì kọ̀ọ̀kan. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

*Ẹ kọ́kọ́ dúró lókèèrè.* Àwọn baba wa ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu wẹ́kú. Ẹ bi ara yín pé: tí igi yìí bá wó, kí ló máa wó lé? Igi jíjẹrà tó wà láàárín pápá tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá kò yọ èèyàn lẹ́nu. Igi tó kọjú sí yàrá tí ọmọ ń sùn ni ká kọ́kọ́ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi lè dé ilé, ẹ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gígùn rẹ̀ bá ti ojú yín sí ọwọ́ yín mu nígbà tí ẹ bá nawọ́. Ẹ mú un dání lóòró, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi bá ìdí igi ńlá náà mu, tí orí rẹ̀ á sì bá orí igi mu. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni orí igi máa dé tó bá wó sí ọ̀dọ̀ yín, bí ilẹ̀ bá tẹ́jú.

Láti òkèèrè yìí kan náà, ẹ wò ó bóyá igi fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Igi tó ti fì láti kékeré máa ń tẹ orí padà sókè láti wá ìmọ́lẹ̀, ó sì ti lágbára bó ṣe wà yẹn. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni igi tó dúró ṣánṣán lọ́dún tó kọjá, tó wá fì lọ́dún yìí.

*Ẹ wá sí ìdí igi.* Ibí ni kí ẹ ti lo àsìkò jù. Ṣé ilẹ̀ sán yí ìdí igi ká? Ṣé iyẹ̀pẹ̀ ga sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ìgbà tí nǹkan fẹ́ yọ jáde? Gbòǹgbò ti ń tú nìyẹn, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣé wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ láìpẹ́ yìí fún páìpù, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí? Wọ́n lè ti gé gbòǹgbò láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá olú. Kì í ṣe gbogbo olú ló burú o. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń hù nínú koríko ń bá gbòǹgbò ṣọ̀rẹ́ ni, wọ́n ń bá a wá omi àti oúnjẹ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara igi, tàbí tó hù láàárín gbòǹgbò ńlá ní ìdí igi gan-an, ni kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn kan le bíi pẹpẹ, àwọn kan láwọ̀ oyin, wọ́n á hù pọ̀ ní ìdì ìdì. Olú tí ẹ rí yẹn dà bí èso lásán. Inú igi tàbí gbòǹgbò ni olóko fúnra rẹ̀ wà, tó ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

*Ẹ wo ara igi.* Ibi tó sán gùn lóòró, èèpo tó ń ṣí, ibi tí omi dúdú ti ń sun, gbogbo wọn lẹ máa kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò nìkan ò tó ká fi dájọ́ ikú fún igi. Ẹ wo ọparun: inú rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ àwọn bíríkìlà ń gun orí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Nígbà tí atẹ́gùn bá tẹ igi, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ jù, àárín ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ihò bá jẹ ìdajì ìbú igi, tó sì wà ní àárín gan-an, nǹkan bí 6 nínú 100 péré ni agbára igi náà fi dín. Bó bá jẹ 70 nínú 100 ìbú rẹ̀, agbára á fi nǹkan bí 24 nínú 100 dín. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń já wálẹ̀ kíákíá. Ihò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ gan-an, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ara òde tó ń ṣe iṣẹ́ ló jẹ.

*Ẹ wo oríta rẹ̀.* Ibi tí igi ti là sí méjì ńkọ́? Bí oríta náà bá fẹ̀ bíi lẹ́tà U, ó sábà máa ń lágbára. Bó bá há bíi lẹ́tà V, tí ẹ rí i pé èèpo ká wọ àárín méjèèjì, a jẹ́ pé wọn ò so pọ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń sanra sí i ni wọ́n ń ti ara wọn. Ọjọ́ tí ìjì bá dé ni wọ́n máa pínyà.

*Ẹ wá gbójú sókè.* Ẹ wo ẹ̀ka gbígbẹ, àti èyí tó ti ṣẹ́ ṣùgbọ́n tó há sórí igi. Bí igi ash bá wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ mójú tó o dáadáa. Àrùn kan tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún 2012 ti ń pa igi ash káàkiri. Orí igi náà á máa gbẹ láti etí wá sí àárín, ẹ̀ka rẹ̀ á sì máa ṣẹ́ bíi bísíkíìtì.

Oak oníhò àti beech arẹwà

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí ìwé lásán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pè mí wá sílé rẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi méjì ló wà lẹ́yìn ilé náà, oak àti beech. Ara oak ní ihò tí orí ọmọdé lè wọ̀. Beech ní tirẹ̀ dúró gbọnrangandan, yàrá àwọn ọmọ ló sì kọjú sí. Màmá ẹ̀gbọ́n yìí, tó wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú, ò róorun sùn nítorí igi oníhò.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni màmá wí, "ṣé ìwọ ni wọ́n ní o mọ̀ nípa igi? Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó gé igi oníhò yìí kó tó pa wá."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yí i po ná."

Mo fi òòlù onígi gbá ara oak yíká, ó ń dún gbì, gbì. Ihò náà ò fẹ̀ wọ inú lọ, ìdí rẹ̀ sì mọ́. Ìgbà tí mo dé ìdí beech ni mo rí i: olú ńláńlá tó fẹ̀ bí àwo, wọ́n gorí ara wọn láàárín gbòǹgbò, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Meripilus giganteus ni orúkọ rẹ̀ lédè àwa onísáyẹ́ǹsì. Abẹ́ gbòǹgbò ló ti ń jẹ ẹ́, òkè gbòǹgbò á sì máa dán bíi pé kò sí nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi oak sílẹ̀. Ẹ bá wa pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ wá wo beech yìí."

"Beech kẹ̀? Èyí tó tutù báyìí?"

Ojú akẹ́kọ̀ọ́ ò tó láti dájọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n pe ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá yẹn walẹ̀ díẹ̀, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún abẹ́ gbòǹgbò. Ó wọlé bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún búrẹ́dì. Káńsù fọwọ́ sí i, wọ́n sì gé beech náà kí oṣù kejìlá tó wọlé. Oak wà níbẹ̀ dòní, ẹ̀ka gbígbẹ méjì péré ni wọ́n yọ lára rẹ̀. Nígbà tí màmá rí bí abẹ́ gbòǹgbò beech ṣe dúdú tó sì rọ̀, ó ní, "Háà! Àṣé èyí tó ń rẹ́rìn-ín sí wa gan-an ni."

Kí la wá máa ṣe?

Bí ẹ bá rí nǹkan tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, kì í ṣe gígé ló kàn. Nígbà mìíràn, ẹ̀ka gbígbẹ nìkan ni wọ́n máa yọ, tàbí kí wọ́n dín orí rẹ̀ kù níwọ̀nba. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tó wà lábẹ́ igi lẹ máa sún kúrò: ibi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí, ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn bẹ́ igi lórí o. Ojú ọgbẹ́ ńlá á jẹrà, ẹ̀ka tuntun tó máa hù níbẹ̀ ò sì ní so mọ́ra dáadáa. Ẹ má sì gun igi fúnra yín. Ẹgbẹ́ Arboricultural Association ní orúkọ àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, ẹ lè wá wọn níbẹ̀.

Ẹ rántí òfin pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káńsù lè fi òfin dáàbò bo igi tó wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irú igi bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ. Ní àdúgbò tí wọ́n ń tọ́jú nítorí ìtàn tàbí ẹwà rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú lẹ ti gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Ẹ pe káńsù kí ẹ tó pe oníayùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà ilé, ẹ kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù, kí ẹ fi fọ́tò àti ọjọ́ tí ẹ yà á sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò tó. Bó bá jẹ́ igi aládùúgbò ni, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Ó lè má mọ̀ rárá.

Ní ọjọ́ tí ìjì bá ń jà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde lọ wo igi mọ́. Ẹ sùn sí yàrá tó jìnnà sí i. Bí igi bá já wáyà iná, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ pe 105. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin kì í dúró kí máńgòrò wọ́wé kó tó bì í lulẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti gé gbòǹgbò nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà tàbí ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ní ti igi, ẹ má dúró de afẹ́fẹ́ kí ẹ tó rí i. Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú yí igi yín po, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.